Ìkìlọ̀ jáde, ẹ̀mí ṣì ṣòfò: kí ló so onímọ̀ ojú ọjọ́ pọ̀ mọ́ onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀?

Bí omíyalé tàbí ìjì líle bá ti gba ẹ̀mí rẹpẹtẹ, ìbéèrè kan náà ló máa ń gba orí ayélujára kan: ṣé àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ kò rí i tẹ́lẹ̀ ni, àbí wọ́n rí i, wọ́n wá panu mọ́? Nínú ọ̀pọ̀ àjálù ńlá tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ogún ọdún tó kọjá, wọ́n rí i, wọ́n sì sọ. Ibi tí nǹkan ti ń dàrú ni àárín ìgbà tí ìkìlọ̀ jáde àti ìgbà tí ẹni tó wà nínú ewu gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àárín yẹn ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àti àwọn onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ti ń pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ báyìí, awuyewuye sì pọ̀ lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

## Kí ló tún gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde?

Ní ọ̀sán ọjọ́ 3, oṣù Keje, ọdún 2025, National Weather Service, ìyẹn NWS, tó jẹ́ àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, kéde pé omíyalé lè ṣẹlẹ̀ ní àárín gbùngbùn Texas. Nígbà tí aago kan òru fi ìṣẹ́jú 14 kọjá, wọ́n gbé ìkìlọ̀ jáde fún Kerr County pé ewu ti dé tán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, odò Guadalupe ru sókè ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Òru ni, àsìkò ìsinmi sì ni. Àwọn ènìyàn ń sùn létí odò nínú àgọ́ àti ilé ìgbafẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò já geere níbi gbogbo, kò sì sí fèrè ìkìlọ̀ létí odò náà ní Kerr County. Ó lé ní 130 ènìyàn tí omíyalé náà pa ní Texas.

Ọ̀nà míràn ni ti Valencia lórílẹ̀-èdè Spain gbà bàjẹ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, láàárọ̀ ni AEMET, àjọ ojú ọjọ́ ibẹ̀, ti gbé ìkìlọ̀ aláwọ̀ pupa jáde, èyí tó ga jù. Àmọ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá kí ìkìlọ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba agbègbè láti fi ránṣẹ́ tó dún lórí fóònù àwọn ará ìlú. Nígbà yẹn, omi ti wọ ilé, ó ti ń wọ́ ọkọ̀ lọ lójú pópó. Àwọn tó kú lé ní 220.

Ẹ̀kẹta ni Tacloban ní Philippines, ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 2013. PAGASA, àjọ ojú ọjọ́ wọn, sọ pé “storm surge” tó ga tó mítà 7 lè wáyé. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ọ, wọn kò mọ̀ pé òkun fúnra rẹ̀ ni ìjì máa tì wọ ìlú. Wọ́n rò pé irú ìjì tí àwọn ti ń rí láti kékeré ni, wọ́n sì jókòó sílé. Lẹ́yìn náà, àwọn tó yè sọ pé ká ní wọ́n pè é ní tsunami ni, àwọn ì bá ti sá. Ìjì náà, tí wọ́n ń pè ní Haiyan, pa àwọn tó lé ní 6,000.

Ìkìlọ̀ Texas kò dé etí tó pọ̀ tó. Ti Valencia há sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ti Tacloban dé etí, àmọ́ kò yé àwọn tó gbọ́ ọ. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá yanjú ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó ti wù kó yára tó.

## Ta ló ń ṣe kí ni nínú iṣẹ́ yìí?

Onímọ̀ ojú ọjọ́ ló ń ka ohun tí satẹ́láìtì, ẹ̀rọ rédà àti òṣùwọ̀n òjò bá fi ránṣẹ́, tó sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tó lè tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà náà kì í mú ìdáhùn kan ṣoṣo wá mọ́. Ní ECMWF, ilé iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ní, wọ́n máa ń ṣe ìṣírò kan náà lẹ́ẹ̀mọ́kànléláàádọ́ta, wọ́n á yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí 40 nínú 51 bá mú òjò ńlá wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbà tó jẹ́ 5 péré ló mú un wá. Nítorí náà, bí nǹkan ṣe ṣeé ṣe tó ló wà lọ́wọ́ wọn láti sọ, kì í ṣe “yóò rọ̀” tàbí “kò ní rọ̀”.

Ibi tí ìyẹn parí sí ni iṣẹ́ onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1990, àwọn olùwádìí méjì, Dennis Mileti àti John Sorensen, kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ, wọ́n sì fi hàn pé ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn ni ìkìlọ̀ ń gbà wọ ènìyàn lára: ó ní láti gbọ́ ọ, kó yé e, kó gbà á gbọ́, kó mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí, kó wá ẹ̀rí míràn, kó tó ṣe ohun kan. Ibikíbi tí okùn yìí bá já, ìkìlọ̀ parí síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ wíwá ẹ̀rí yẹn ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kò kà sí tẹ́lẹ̀. Ní Joplin, ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ìjì ààjà (tornado) pa àwọn tó lé ní 150 ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 2011. Fèrè ìkìlọ̀ ti kọ́kọ́ dún ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ìjì náà tó wọ ìlú. Ìwádìí tí NWS ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ kò sá nígbà tí wọ́n gbọ́ fèrè àkọ́kọ́. Wọ́n jáde lọ wo sánmà, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pe ẹbí lórí fóònù. Orí kunkun kọ́ ni. Fèrè náà ti dún láìsí ewu lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì lè sọ irú ewu tó ń bọ̀ tàbí ibi tó ń gbà bọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ wá ń sọ ni pé kò sí ẹni tó lè fòfin dá wíwá ẹ̀rí dúró, ẹ jẹ́ ká yáa fi ẹ̀rí náà síbi tí ọwọ́ wọn yóò ti tètè tó o.

## Kí ni “30%” túmọ̀ sí gan-an?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti gbóná jù, ó sì tọ́ ká dúró lé e lórí díẹ̀. Láti ọdún 1965 ni Amẹ́ríkà ti ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sọ bí òjò ṣe ṣeé ṣe tó fún àwọn ará ìlú. Ní 2005, Gerd Gigerenzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní New York, Amsterdam, Berlin, Milan àti Athens pé kí ni “30% ni òjò fi ṣeé ṣe lọ́la” túmọ̀ sí. Àwọn kan ní òjò yóò rọ̀ ní ìdá 30 agbègbè náà. Àwọn kan ní yóò rọ̀ fún ìdá 30 ọjọ́ náà. New York nìkan ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti mú ìdáhùn tó tọ́: nínú ọjọ́ 10 tí ojú ọjọ́ rí bí ti ọ̀la, òjò yóò rọ̀ ní nǹkan bíi 3.

Àwọn kan di èyí mú pé kí wọ́n má fi nọ́ńbà dààmú ará ìlú mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè wọ́n. Susan Joslyn àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Washington ti ṣe ìdánwò léraléra, níbi tí àwọn ènìyàn ti ní láti pinnu, bí àpẹẹrẹ, bóyá kí wọ́n da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má baà dì. Àwọn tí wọ́n fún ní nọ́ńbà pinnu dáadáa ju àwọn tí wọ́n kàn sọ fún pé yìnyín yóò dì tàbí kò ní dì, wọ́n sì fọkàn tán àsọtẹ́lẹ̀ náà jù. Ẹ̀wẹ̀, David Budescu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí wọ́n bá kọ “ó ṣeé ṣe gan-an”, tí òǹkọ̀wé ní ju 90% lọ lọ́kàn, ọ̀pọ̀ òǹkàwé á kà á sí ohun tó kéré sí i púpọ̀. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀, àṣìyé náà ń dín kù.

Ohun tí ìwádìí Gigerenzer tú síta gan-an ni pé àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí wọ́n pín sí ọgọ́rùn-ún: ṣé ilẹ̀ ni, ṣé wákàtí ni, àbí ọjọ́? Nítorí náà, àbá tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fara mọ́ báyìí ni pé kí nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ jọ wà, kí wọ́n sì dárúkọ ohun tí wọ́n ń ṣírò, ibi tí ó kàn àti àsìkò rẹ̀. “Ó ṣeé ṣe tó 30% kí omi bo ojú títì yìí láàárín aago 6 àárọ̀ sí aago 12 ọ̀sán” yé ènìyàn ju “30% òjò” lọ.

## Kí nìdí tí máàpù ìjì fi ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà?

Láti 2002 ni National Hurricane Center, tó ń tọpa ìjì orí òkun ní Amẹ́ríkà, ti ń gbé máàpù kan jáde tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo: ó tín-ín-rín níbi tí ìjì wà báyìí, ó ń fẹ̀ bó ti ń lọ síwájú títí dé ọjọ́ márùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń yà á rọrùn láti ṣàlàyé. Wọ́n á wo bí àsọtẹ́lẹ̀ wọn ṣe ṣì tó láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá, wọ́n á ya òbìrípo tó ṣeé ṣe kí àárín ìjì wà nínú rẹ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbà, ní wákàtí 12, 24, 36 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì so àwọn òbìrípo náà pọ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí fi pamọ́. Àárín ìjì nìkan ni máàpù náà ń sọ, kò sọ bí ìjì ṣe fẹ̀ tó, kò sọ ti òjò tàbí ti òkun tó lè ya wọ ìlú. Ìgbà kan nínú mẹ́ta, àárín ìjì á tilẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń wò ó sì ń kà á ní ọ̀nà mẹ́ta tí kò tọ́: wọ́n rò pé fífẹ̀ rẹ̀ ni ìjì tó ń tóbi sí i, wọ́n rò pé ẹni tó wà lẹ́yìn ìlà bọ́, wọ́n sì ń tẹjú mọ́ ìlà dúdú àárín bíi pé òun ni ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, ọdún 2004, ìlà àárín máàpù ìjì Charley dorí kọ agbègbè Tampa ní Florida. Ìjì náà yà, ó sì já sí apá Punta Gorda ní gúúsù. Punta Gorda wà nínú àrọ náà látìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì nítorí ìlà ni wọ́n ń wò. Ìwádìí tí Kenneth Broad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2007 lórí ìjì ọdún yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ gbà pé àwòrán náà nílò àyẹ̀wò láti ojú ẹni tó ń wò ó.

Yíyọ ìlà kúrò kò tíì yanjú rẹ̀, torí ojú a máa ya ìlà tirẹ̀. Àwọn kan dábàá pé kí wọ́n ya ọ̀pọ̀ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, kí kálukú rí i pé ọ̀nà tí ìjì lè gbà pọ̀. Àwọn tó dán an wò rí i pé ẹni tí ọ̀kan nínú ìlà náà bá gba orí ibùdó rẹ̀ kọjá á rò pé ewu tòun ju ti ẹni tó wà láàárín ìlà méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ewu wọn dọ́gba. Kò sí àwòrán tí kò ní àṣìkà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ ewu kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀: ní 2010 wọ́n yọ ọ̀rọ̀ omi òkun kúrò nínú òṣùwọ̀n Saffir-Simpson, tí ń fi ipò 1 sí 5 díwọ̀n ìjì, kó lè jẹ́ ti afẹ́fẹ́ nìkan. Nígbà tó di 2017, ìkìlọ̀ omi òkun ní máàpù tirẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí omi ló ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ ń pa ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe afẹ́fẹ́.

## Kí ni “ìkìlọ̀ tó dá lórí ìpalára”?

Láyé àtijọ́, ìkìlọ̀ a máa sọ pé òjò mìlímítà 50 ń bọ̀. Èyí tó dá lórí ìpalára á sọ ohun tí òjò náà yóò ṣe: títì wo ni kò ní ṣeé gbà, ilé wo ni omi lè wọ̀. Met Office, àjọ ojú ọjọ́ Britain, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2011. Lẹ́yìn Joplin, NWS dán an wò ní Kansas àti Missouri ní 2012. Ní 2015, WMO, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ti Met Office jẹ́ àtẹ onílà mẹ́rin lọ́nà méjì: bí ó ṣe ṣeé ṣe tó lápá kan, bí ìpalára ṣe lè pọ̀ tó lápá kejì. Ibi tí méjèèjì bá pàdé ló ń pinnu àwọ̀, ìyẹn yẹ́lò, ọsàn tàbí pupa. Ìṣòro rẹ̀ kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Yẹ́lò lè túmọ̀ sí ohun kékeré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, ó sì lè túmọ̀ sí ohun ńlá tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Ẹni tó bá wo àwọ̀ nìkan kò lè mọ èwo ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó ṣe sí ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ àtẹ náà mọ́ ìkìlọ̀ lára, àmọ́ ta ló ń ṣí i wò?

Ohun míràn ni pé onímọ̀ ojú ọjọ́ kò dá mọ ìpalára. Òjò kan náà lè rọ̀ sórí oko gbígbẹ lóru kó má ṣe nǹkan kan, kó sì ti ìlú pa bó bá rọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ó nílò ẹni tó mọ ibi tí gọ́tà ti dí, ibi tí àwọn arúgbó ń gbé, afárá tó rẹlẹ̀ jù.

## Kí ló yẹ kó wà nínú ìkìlọ̀ tó bá dé orí fóònù?

Nígbà tí ìkìlọ̀ orí fóònù bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2012, lẹ́tà 90 péré ló gbà, títí kan àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Láti 2019 ló ti di 360. Ìwádìí Jeannette Sutton ti Yunifásítì Albany àti àwọn míràn ti fi ìdí ohun márùn-ún múlẹ̀: ẹni tó ń kìlọ̀, irú ewu tó jẹ́ àti ohun tó lè ṣe, ibi tó kàn, àsìkò, àti ohun tí ẹni tó kà á yẹ kó ṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n sábà ń kọ ní ìkọkúkọ̀ọ́. Ẹ wo ìyàtọ̀:

“Ìkìlọ̀ omíyalé ní agbègbè yìí títí di aago 4:15. Ẹ ṣọ́ra.”

“Àjọ ojú ọjọ́: omi ńlá ń bọ̀ lójú odò báyìí. Yóò dé gbogbo ilé tó wà létí odò kí aago 4 òru tó lù, ó sì lè ga ju orí ènìyàn lọ. Ẹ dìde báyìí, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tó ga. Ẹ má wa ọkọ̀ wọ inú omi.”

“Ẹ ṣọ́ra” kò sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe. “Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tó ga” sọ ọ́. Gbólóhùn nípa ọkọ̀ náà ní ìdí: omi tó ń ṣàn tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, inú ọkọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí omíyalé ń pa máa ń kú sí. Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí àlejò kò mọ̀, àkékúrú orúkọ àjọ, aago tí kò sọ bóyá ìgbà tí ewu ń bẹ̀rẹ̀ tàbí ìgbà tó ń parí ni, àti èdè kan ṣoṣo níbi tí wọ́n ti ń sọ mẹ́wàá.

## Bí ìkìlọ̀ bá pọ̀ jù ńkọ́?

Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìkìlọ̀ ìjì ààjà ní Amẹ́ríkà ni ìjì kì í tẹ̀lé. Àwọn kan ní èyí ń pa ènìyàn, torí wọ́n á sọ ìkìlọ̀ di yẹ̀yẹ́. Ìwádìí Kevin Simmons àti Daniel Sutter ní 2009 gbè wọ́n: níbi tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ sí i, iye àwọn tí ìjì ń pa tàbí ń ṣe léṣe pọ̀ sí i. Àwọn míràn tako o pé iye ìkìlọ̀ òfìfo tí àwọn ènìyàn rò pé àwọn ti gbọ́ kì í sábà bá iye tó ṣẹlẹ̀ gan-an mu, àti pé ẹni tí wọ́n bá ṣàlàyé fún pé ewu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kì í bínú. Ìdánwò Joslyn bọ́ sáàárín: ìkìlọ̀ òfìfo ń dín ìgbàgbọ́ kù, àmọ́ sísọ bí ewu ṣe ṣeé ṣe tó ràn án lọ́wọ́ ju dídín ìkìlọ̀ kù lọ.

Ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà náà wà níbẹ̀. Ní 2020, nígbà tí ìjì Laura ń bọ̀ ní Louisiana, National Hurricane Center kọ ọ́ pé omi òkun tó ń bọ̀ kò ṣeé yè. Ìwádìí lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sọ ohun kan náà: ó ń mú kí àwọn kan fẹ́ kó kúrò, ó sì ń mú kí àwọn míràn ní àsọdùn ni. Ohun tí wọ́n jọ gbà ni pé ìbẹ̀rù tí kò bá ọ̀nà àbáyọ rìn léwu, torí ẹni tí kò rí ibi sá sí á kúkú pa ìkìlọ̀ náà tì.

## Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ló sì ń dí wọn lọ́wọ́?

Ní Norman, Oklahoma, ibùdó kan wà tí àwọn asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ máa ń péjọ sí lásìkò ìjì láti dán irinṣẹ́ tuntun wò, àwọn olùwádìí ìhùwàsí á jókòó tì wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á sọ bí yóò ṣe rí lọ́dọ̀ tiwọn. Níbòmíràn, wọ́n á fi ẹ̀yà méjì ìkìlọ̀ kan han àwùjọ méjì, wọ́n á wé ìpinnu wọn, tàbí kí wọ́n ní kí ẹni tó ń ka máàpù máa sọ ohun tó ń rò síta. Lẹ́yìn àjálù, wọ́n á lọ bá àwọn tó yè, wọ́n á tò ó ní wákàtí-wákàtí: kí lo gbọ́, lẹ́nu ta, kí lo ṣe.

Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kò kéré. Asọtẹ́lẹ̀ fẹ́ ìdáhùn kí àsìkò ìjì tó dé, ìwádìí sì lè gba ọdún mẹ́ta. Ohun tí ènìyàn sọ níwájú ìwé ìbéèrè pé òun yóò ṣe kọ́ ló máa ń ṣe ní aago méjì òru. Èyí tó sì ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni kí wọ́n parí àwòrán tán kí wọ́n tó pe onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ wá wo àwọ̀ rẹ̀. Ní 2018, ìgbìmọ̀ National Academies, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn kan jáde tó ní kí ìmọ̀ ìhùwàsí wà nínú iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àfikún ìparí.

## Kí ló wà nílẹ̀ báyìí?

Ìjà kan ṣì wà lórí ẹni tó yẹ kó sọ pé “ẹ kúrò nílé”. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àjọ ojú ọjọ́ ló ń sọ ewu, ìjọba agbègbè ló ń pàṣẹ kíkó kúrò. Àwọn kan ní kó dúró bẹ́ẹ̀, torí aláṣẹ agbègbè ló mọ títì àti ibi ààbò. Àwọn kan tọ́ka sí Valencia, wọ́n ní bí ewu bá ti dájú, kí àjọ ojú ọjọ́ lè tẹ ìkìlọ̀ orí fóònù fúnra rẹ̀.

Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fẹ́ kí ètò ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn láyé kí ọdún 2027 tó parí. António Guterres, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà àjọ náà, kéde rẹ̀ ní 2022, wọ́n sì ṣírò owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí bílíọ̀nù 3.1 dọ́là. Òpó mẹ́rin ló ní: mímọ ewu, wíwo ojú ọjọ́, fífi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ àti ìmúrasílẹ̀. Lákòókò kan náà, NWS pàdánù òṣìṣẹ́ tó lé ní 500 ní 2025, àbá ìṣúná ọdún 2026 tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin sì ní kí wọ́n pa ẹ̀ka ìwádìí NOAA, àjọ òkun àti ojú ọjọ́ tí NWS wà lábẹ́ rẹ̀, rẹ́, ẹ̀ka tí ilé ìwádìí ìjì tó wà ní Norman wà lábẹ́ rẹ̀.